Màlúù tí kì í jẹ jù, tí kì í gùnfẹ̀ jù: akọ wo ni kí a yàn?

Àkànbí Ayrshire

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní oko màlúù oníwàrà kan ní Ayrshire, lápá ìwọ̀-oòrùn Scotland. Ọdún kẹfà mi rèé. Màlúù 180 ti ìran Holstein ni à ń fún wàrà lára wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, aago márùn-ún àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá mi gbé ìwé àkójọ akọ màlúù síwájú mi lórí tábìlì, ó ní kí n bá òun mú akọ márùn-ún tí a ó ra àtọ̀ wọn fún ọdún tó ń bọ̀.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí à ń wò kò ju wàrà, ọ̀rá inú wàrà, ẹsẹ̀, ọmú, àti bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń tètè lóyún. Ìwé tọdún yìí ti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kan wà tí wọ́n pè ní Feed Advantage: iye kílò oúnjẹ tí ọmọ akọ náà yóò fi jẹ dín sí ohun tí èèyàn ń retí. Òmíràn ni EnviroCow, tó ń sọ bí màlúù náà ṣe máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́ sí. AHDB, àjọ kan tó ń bá àwọn àgbẹ̀ Bríténì ṣiṣẹ́, ló gbé méjèèjì jáde ní 2021. Àwọn akọ tó ti Kánádà wá tún ní ìlà kẹta, ti mẹ́téènì.

Ọ̀gá mi ní òun ò fẹ́ fi owó ra ìlà lásán. Èmi náà ò sì fẹ́ dá a lóhùn lórí ohun tí kò yé mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa ní Ṣakí. Ó wù mí kí n sin màlúù níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mò ń kọ́ níbí á wúlò lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ìyá Wàrà Ìsẹ́yìn

Àkànbí ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ nínú òtútù.

Mo ti ń se wàrà tà láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ṣì wà lẹ́yìn mi, ó ti wọ yunifásítì báyìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń wà ní gáà láti ra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, kí n tó gbé e ka iná, kí n tó fi omi ewé bómubómu dì í. Mo mọ màlúù, ṣùgbọ́n n kò mọ mẹ́téènì. Ṣé ìsó màlúù ni wọ́n ń sọ? Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Ti oúnjẹ yẹn ló kàn mí jù. Obìnrin tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní màlúù mẹ́jọ tó ń fún lọ́mú lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, mílíìkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kì í kún kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá, àwọn ọmọ màlúù náà á sì máa ké nítorí ebi. Bí màlúù kan bá wà tí oúnjẹ díẹ̀ ń tó, tó sì ń fúnni ní wàrà, ẹ sọ ibi tó wà fún wa.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kì í ṣe ìsó, ìgùnfẹ̀ ni. Ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá mẹ́téènì tó ń ti ikùn màlúù wá ló ń gba ẹnu àti imú jáde.

Ẹ ronú nípa ṣàkì tí alápatà ń gé fún yín. Nígbà tí màlúù wà láàyè, àpò ńlá ni, ti màlúù ńlá lè gba lítà 100 títí dé 200. Koríko tó já, kì í ṣe màlúù fúnra rẹ̀ ló ń dà á. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló wà nínú ṣàkì tó ń bá a fọ́ ọ, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, òun náà á sì máa pọ̀ ọ́ sókè, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ koríko yìí ni háídírójìn ń jáde. Bí háídírójìn bá sì gbára jọ jù, iṣẹ́ inú ṣàkì á fà sẹ́yìn. Ìran kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní archaea. Àwọn ló ń kó háídírójìn náà pọ̀ mọ́ kábọ̀n, tí wọ́n ń sọ ọ́ di mẹ́téènì. Màlúù á wá gùn ún jáde.

Ibi tó ti kan àpò yín nìyí. Nínú agbára tó wà nínú oúnjẹ tí màlúù jẹ, ìdá 2 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá ìgùnfẹ̀ yẹn lọ. Kò di wàrà, kò di ẹran. Koríko gbígbẹ tó ti le bí igi ló ń mú un pọ̀ jù, irú èyí tí màlúù ń jẹ lóṣù kejì ọdún níbí.

Ti afẹ́fẹ́ náà: tí a bá kà á fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kílò mẹ́téènì kan ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí kílò 27 sí 30 kábọ̀n dàọ́ksáìdì. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lójú ọ̀run, bí ọdún méjìlá péré. Nítorí náà, ẹni tó bá dín in kù lónìí, ọmọ tó bí fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Dókítà, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, n kò fi tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Mo ní màlúù mọ́kànlélógún. Funfun Fúlàní ni gbogbo wọn. Koríko Ọlọ́run ni wọ́n ń jẹ, wọn ò jẹ àgbàdo tó yẹ kí èèyàn jẹ. Mo kà á pé ìjọba Denmark ti fẹnu kò ní 2024 pé láti 2030 àgbẹ̀ á máa san owó orí lórí ìgùnfẹ̀ màlúù, 300 kroner, owó wọn, lórí tọ́ọ̀nù kan tí a bá ṣírò rẹ̀ bíi kábọ̀n dàọ́ksáìdì, á di 750 ní 2035, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní àwọn á yọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá ṣe é tán lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé e wá bá àwa tálákà. Màlúù mi kan ò gùnfẹ̀ tó ìdajì Holstein Àkànbí. Àwọn tó ti fi èédú àti epo rọ̀bì ba ayé jẹ́ láti igba ọdún, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Kí ló kan màlúù Òkè-Ògùn nínú rẹ̀?

Bàbá Ìbejì Ontario

Àbúrò mi Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ rẹ wúwo, Dókítà á dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n bá Àkànbí sọ ti Kánádà, torí ọwọ́ wa ni ìlà kẹta yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa lọ láti oko dé oko, kí n gba wàrà díẹ̀ lára màlúù kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré, kí n fi ránṣẹ́ sí lábù.

Oṣù kẹrin 2023 ni Lactanet, àjọ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ màlúù oníwàrà ní Kánádà, gbé ìwọ̀n mẹ́téènì jáde fún Holstein, wọ́n sì ṣíwájú gbogbo ayé nínú ṣíṣe é fún agbo orílẹ̀-èdè odindi. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni lábù ti ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ò lè rí gba inú wàrà kọjá láti fi mọ ọ̀rá àti purotéènì tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí màlúù fi ń ṣe ọ̀rá wàrà, inú ṣàkì ló ti ń wá, nítorí náà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣàkì ń fi àmì sílẹ̀ nínú wàrà. Wọ́n mú àwọn màlúù tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn ìgùnfẹ̀ wọn ní ti gidi, wọ́n fi í wé ohun tí ìmọ́lẹ̀ sọ nípa wàrà wọn, wọ́n rí i pé èyí lè sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so ó mọ́ jíìnì, ohun tí ọmọ ń jogún lára ìyá àti bàbá. Ìdí nìyẹn tí ìgò kékeré tí mò ń gbé kiri fi ń ṣiṣẹ́ tuntun láìsí pé a fi owó ńlá kún un.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o sọ fún ọ̀gá rẹ. Wọ́n ṣe ìṣirò náà kí ó má fọwọ́ kan iye wàrà, ọ̀rá àti purotéènì. Ìyẹn ni pé ẹni tó yan akọ tó dára lórí mẹ́téènì kò fi wàrà ṣe pàṣípààrọ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín màlúù sí màlúù lórí mẹ́téènì ló ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, ìyókù jẹ́ ti oúnjẹ àti ìtọ́jú. Ó dà bíi pé ó kéré, àmọ́ ó tó. Lactanet fúnra wọn sọ pé bí àwọn àgbẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́, mẹ́téènì agbo lè dín ní ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún títí di 2050.

Èèyàn á ní kí ló dé tí a ò fi òògùn pò mọ́ oúnjẹ wọn. Ó wà, Bovaer ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dín mẹ́téènì kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá dá a dúró ni ìgùnfẹ̀ ń padà. Àkànbí, ìwọ náà á rántí ariwo tó sọ ní Bríténì lóṣù kọkànlá 2024 nígbà tí ilé-iṣẹ́ wàrà Arla ní àwọn fẹ́ dán an wò, tí àwọn kan ń da wàrà sínú síǹkì. Ti ẹ̀jẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá bá ti ní, ọmọbìnrin rẹ̀ á pín nínú rẹ̀, ọmọ-ọmọ náà á pín.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)

Ọmọ Òkè-Ògùn, tí a bá ń ka orí màlúù, òótọ́ lo sọ. Holstein kan lè gùnfẹ̀ ju 100 kílò mẹ́téènì lọ lọ́dún, tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ ni lórí ọ̀rọ̀ èédú àti epo rọ̀bì, kò sì sí ẹni tó lè fi owó orí Denmark dẹ́rù bà wá níbí.

Ṣùgbọ́n gbìyànjú kí o kà á lórí lítà wàrà. FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2010. Wọ́n kó gbogbo ohun tó ń mú ayé gbóná láti oko dé ẹnu ọ̀nà oko pọ̀, wọ́n pín in fún kílò wàrà kọ̀ọ̀kan. Ti gbogbo ayé jẹ́ kílò 2.4, tí a bá ṣírò rẹ̀ bíi kábọ̀n dàọ́ksáìdì. Ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti àríwá wà ní bí 1.3. Tiwa ní ìsàlẹ̀ Sàhárà jẹ́ 7.5.

Dánfó tó gbé èrò méjì láti Ìwó Róòdù dé Bẹẹrẹ, epo tó jó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti dánfó tó kún. Màlúù náà rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó fún wa ní ìkán wàrà kan, ó gbọ́dọ̀ jẹun tó lè mú un wà láàyè, kí ó rìn, kí ó mí, ìgùnfẹ̀ sì wà nínú gbogbo ìyẹn. Holstein Àkànbí ń pín ti rẹ̀ sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà. Tiwa ń pín in sórí ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Tún fi èyí kún un: abo Funfun Fúlàní máa ń tó ọmọ ọdún mẹ́rin kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni ti Scotland ń bí. Ọdún méjì gbáko ni tiwa fi ń jẹ koríko, tó fi ń gùnfẹ̀, tí kò sí wàrà kankan nídìí rẹ̀. Àdánù yẹn, ìwọ ló ń jẹ ẹ́ kí ojú ọ̀run tó jẹ ẹ́.

Àkànbí Ayrshire

Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Ontario. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Kí n tó dé oko tí mo wà yìí, mo ṣe oṣù mẹ́fà ní oko ìwádìí kan. Wọ́n fi irin ṣe ẹnu ọ̀nà kékeré-kékeré sí iwájú àpótí oúnjẹ, ìwọ̀n sì wà lábẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí màlúù bá sún mọ́ ọn, ẹ̀rọ á ka nọ́ńbà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnu ọ̀nà á ṣí. Bí òmíràn bá fẹ́ yọ orí bọ̀ ọ́, kò ní ṣí. Bó ṣe ń jẹ, ìwọ̀n ń kọ ọ́ sílẹ̀, gíráàmù gíráàmù.

Àwọn méjì wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé, 2214 àti 2231. Oṣù kan náà ni wọ́n bímọ, gíga wọn kò yàtọ̀, wàrà àwọn méjèèjì ń lọ bí lítà 34 lójúmọ́. Tí a bá yọ omi inú oúnjẹ kúrò, 2214 ń jẹ kílò 25. 2231 ń jẹ 21. Ojoojúmọ́! Mo dúró tì wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, mo wo ikùn wọn, mo wo ìgbẹ́ wọn, n kò rí ohunkóhun tó lè sọ fún mi. 2231 tilẹ̀ sanra díẹ̀ jù èkejì lọ. Tó bá jẹ́ ojú ni mo fi ń yàn, èmi ì bá ní òun ló ń jẹun jù.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgùnfẹ̀ wà ní igun kan, GreenFeed ni wọ́n ń pè é. Màlúù á ti orí bọ inú rẹ̀ nítorí oúnjẹ ìkúnwọ́ kan tó ń já bọ́ síbẹ̀, fáànù á máa fa èémí rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú kan bá lọ, ọrùn rẹ̀ á wú díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, á gùnfẹ̀, òórùn koríko kíkan á sì kọlù ọ́ níbi tó o dúró. Nọ́ńbà á yí lórí ojú ẹ̀rọ. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ohun tí a ò rí yìí, nǹkan gidi ni.

Ibi tí Feed Advantage ti wá náà kò jìnnà sí mi. Agbo kan wà tí wọ́n ń pè ní Langhill, ní Dumfries, lọ́wọ́ SRUC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Scotland. Láti 1973 ni wọ́n ti ń ya ìran méjì sọ́tọ̀ nínú agbo náà, ọ̀kan tí wọ́n ń yan akọ tó dára jù fún, èkejì tí wọ́n fi sí àárín, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n jẹ àti wàrà wọn sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, wọ́n bí ọmọ kan níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Hilda. Lábù ni wọ́n ti pa ẹyin ìyá rẹ̀ pọ̀ mọ́ àtọ̀ akọ tí ìwọ̀n mẹ́téènì rẹ̀ dára, kí ìran tó ń bọ̀ lè tètè dé.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti ń ka ìjíròrò yín láti àná. Iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ kan ibi tó lè ṣe Àkànbí léṣe tí kò bá ṣọ́ra.

Àkọ́kọ́, ẹ má yan màlúù torí pé ó jẹun díẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn ìbímọ, wàrà máa ń ya kí ebi tó pa á tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́jọ, ara rẹ̀ ló ń yọ́ di wàrà. Ẹ máa rí i tí egungun ìbàdí rẹ̀ á yọ síta. Ẹni tó bá wọn oúnjẹ lásìkò yẹn á rí màlúù tó jẹun díẹ̀, tó fún ni ní wàrà púpọ̀, á ní, "Èyí dára." Kò mọ̀ pé ẹran ara rẹ̀ ló ń jẹ. Irú wọn kì í tètè lóyún, ẹsẹ̀ á máa dùn wọ́n, ọdún kẹta ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ alápatà. Màlúù tí kò pẹ́, ìgùnfẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ kò rí wàrà tí yóò pín sí. Ìdí tí EnviroCow fi dùn mọ́ mi nìyẹn: ó ka bí màlúù ṣe ń pẹ́ láyé àti bó ṣe ń lóyún mọ́ wàrà àti oúnjẹ. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé kò sí ìgùnfẹ̀ tí wọ́n wọ̀n nínú rẹ̀. Ìṣirò ni. Ti Kánádà ló sún mọ́ ìgùnfẹ̀ gan-an.

Èkejì, ẹ má lo akọ kan ṣoṣo nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga. Akọ Holstein kan wà tí wọ́n bí ní 1962, Pawnee Farm Arlinda Chief. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ń da wàrà bí odò. Gbogbo ayé ra àtọ̀ rẹ̀, ó bí ọmọbìnrin tó tó 16,000, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ìdajì mílíọ̀nù. Ó gbé jíìnì kan tó ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bí oyún bá gba irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti láti ọ̀dọ̀ ìyá, oyún náà ń wálẹ̀ ni. Lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé ni wọ́n tó rí jíìnì náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé oyún tó tó 500,000 ti bàjẹ́ káàkiri ayé nítorí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń sunkún oyún nínú oko wọn, wọn ò mọ ibi tó ti ń wá. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún.

Bello Gáà

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Gáà kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá mi ò pé bíi tiyín, ẹ fojú fò ó. Ìyá Wàrà, ìyàwó mi lẹ ń ra mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwa náà ń yan akọ. Bàbá mi kì í fi akọ sílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ lọ́dàá àfi tó bá mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń ṣe nígbà tí koríko bá tán. Màlúù wa kì í ṣe ti wàrà nìkan. Òun la fi ń gbéyàwó, òun la ń tà bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ìgbẹ́ rẹ̀ ni olóko ẹ̀gẹ́ ń bẹ̀ wá fún. Nọ́ńbà 7.5 tí Dókítà kọ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ máa rántí gbogbo ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń kà á.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹnìkan ta abo kan fún mi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Friesian, ìran màlúù oníwàrà ti òyìnbó. Owó tí mo san tó ti màlúù wa mẹ́ta. Òjò àkọ́kọ́, ó ń fún wa ní lítà mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ìyàwó mi kì í lè sùn láàárọ̀, ó ń yọ̀. Òjò kejì, eégbọn bo etí rẹ̀ àti abẹ́ ìrù rẹ̀. Mo ji láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tó ń tọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí omi ìsápá. Kí ẹni tó ń tọ́jú ẹran tó dé, ó ti kú, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ fún mi pé mo gbọ́dọ̀ máa fín òògùn eégbọn sí i lára. Nítorí náà tí ẹ bá ní àtọ̀ Kánádà dára, mo gbà, àmọ́ ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wa.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)

Bello, pẹ̀lẹ́. Ìyẹn dùn mí gan-an. Àìsàn tí eégbọn ń gbé kiri ni, àwọn Funfun Fúlàní ti bá a gbé láti ìrandíran, ara wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ Friesian kò mọ̀ ọ́n. Muturu àti N'Dama, ìran màlúù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tún lágbára lórí àìsàn eṣinṣin tsetse, èyí tó ń pa Holstein bí eré. Kò sí ìwọ̀n kankan nínú ìwé ọ̀gá Àkànbí tó ń sọ̀rọ̀ nípa eégbọn wa tàbí tsetse, torí wọn ò wọ̀n ọ́n. Akọ tó bọ́ sí ipò kìíní ní Ayrshire lè jẹ́ akọ tí ọmọ rẹ̀ á kọ́kọ́ kú ní Ìsẹ́yìn.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo Brazil, tí oòrùn ibẹ̀ jọ tiwa, tí eégbọn wọn pọ̀. Wọn ò sin Holstein lásán káàkiri. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Gir, màlúù oníké tó ti Íńdíà wá, wọ́n sì ń wá ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ Holstein, mẹ́ta nínú mẹ́jọ Gir. Girolando nìyẹn, òun ló ń fún wọn ní ọ̀pọ̀ wàrà wọn. Ní Shika lẹ́bàá Zaria náà, wọ́n ti pa Friesian pọ̀ mọ́ Funfun Fúlàní, àdàpọ̀ náà sì ń fúnni ní wàrà ju Funfun Fúlàní lásán lọ, níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìdajì ẹ̀jẹ̀ tó fún Ṣakí. Àkànbí, má kó Holstein pátápátá wálé.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti dánfó yẹn ló mú mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni abo mi kan kó tó bímọ lọ́dún tó kọjá, n kò ka ìyẹn sí àdánù rí. Dókítà, tí n kò bá ní owó àtọ̀ báyìí, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń ṣe gàrí ládùúgbò rẹ ń da èèpo ẹ̀gẹ́ nù. Sá a kí ó gbẹ dáadáa, má fún wọn ní tútù. Bí wọ́n bá kórè ẹ̀pà, kó ewé rẹ̀ jọ kí òjò tó pa á. Ra eèrí lọ́wọ́ àwọn ológì. Abo tó ń dàgbà ni kí o kọ́kọ́ fún, kí ó lè tètè tó gígùn. Lẹ́yìn náà, ra ìwé kan àti bíkà oní-àmì lítà kan. Wọn wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kan lóṣù. Kọ ọjọ́ tó bímọ. Ohun tí bàbá Bello ń fi ojú àti orí ṣe nìyẹn, kí ìwé náà ràn án lọ́wọ́.

Bàbá Ìbejì Ontario

Ọjọ́ kan lóṣù náà ni àwa ń lọ. Lórí ìyẹn ni gbogbo ohun tí Lactanet ní dúró lé.

Àkànbí Ayrshire

Mo ti dá ọ̀gá mi lóhùn. Mo yọ gbogbo akọ tí ìwọ̀n ìlóyún àti ìpẹ́ láyé ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ àárín, bó ti wù kí ìlà mẹ́téènì rẹ̀ dára tó. Nínú àwọn tó kù, mo tò wọ́n lórí owó tí wọ́n ń mú wọlé, mo wá fi Feed Advantage àti mẹ́téènì ya àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Akọ márùn-ún, bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí mẹ́rin nínú wọn. Kò sí akọ tí a ó lò fún ju màlúù 40 lọ. Ó wò ó fún bí ìdajì wákàtí, ó yọ ọ̀kan nítorí ọmú, ó fọwọ́ sí ìyókù. Ó ní kí n bá a mú ìkarùn-ún mìíràn lọ́la.

Ti Ṣakí, ìdajì ẹ̀jẹ̀ ni mo dúró lé báyìí. Bello, n ó wá kí yín tí mo bá délé lóṣù kejìlá.

Ìyá Wàrà Ìsẹ́yìn

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ra bíkà àná ní Ọjà Ọba, mo gbé e lọ sí gáà ní ìdájí. Ìyàwó Bello kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ yọ owó mílíìkì rẹ̀ ni. Mo ka ọ̀rọ̀ Dókítà sí i létí, ó gbà.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti mu tiwọn, ohun tí a rí nìyí. Ẹlẹ́tí-dúdú, lítà kan. Pupa, kò tó lítà kan. Oníké-ńlá tí gbogbo wa ń yìn, lítà kan ó lé díẹ̀. Mẹ́rin mìíràn, lítà kan lítà kan. Oníwo-kan, lítà méjì àti ààbọ̀. Mo ní kí a da tirẹ̀ padà sínú bíkà kí a tún un wọ̀n, bákan náà ni. Òun ló rí wẹ́rẹ́ jù nínú wọn, n kò tilẹ̀ kà á sí rí.

Akọ ni ọmọ tó ń mu lọ́mú rẹ̀. Bello ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Mo ní kí ó dúró ná.